Ẹ̀yìn-Ọwọ́ àti Kùkùté Tó Fi Eérú Bojú

Obìnrin yìí kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kan ohunkóhun tó lè gbóná. Áyọ́ọ̀nù tí ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀, gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀yìn ọwọ́. Ìkòkò orí iná, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀yìn ọwọ́ ló nà sí òun, òun sì yẹrí torí òun rò pé ó fẹ́ gbá òun létí ni. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni. Ẹ má rò pé ẹ̀ṣọ́ tó ń tòògbé lẹ́nu géètì ni mo ń sọ o! Igbó ìjọba tó ń ṣọ́ láti ọdún méjìlélógún yìí, gbogbo ará ìlú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ sílé. Àárín gbólóhùn méjì yẹn ni gbogbo wàhálà rẹ̀ wà. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lórí àpáta, tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, òun ló máa pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ṣìnà, òun ló máa wá a títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àwọn olè gẹdú ńkọ́? Háà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn olè gẹdú.

Ó bá mẹ́rin nínú wọn níbi tí wọ́n ti gé igi ńlá kan lulẹ̀, tí wọ́n ti so ṣéènì mọ́ ọn, tí ọkọ̀ wọn sì ń kùn. Òun nìkan ni. Kò ní ìbọn. Wokitókì ọwọ́ rẹ̀ ti kú fin-ín-fin-ín. Ó wo igi, ó wo àwọn ọkùnrin náà, ó bá gun orí igi, ó jókòó, ó ṣí ike omi rẹ̀, ó mu.

"Ẹ máa gbé e lọ," ló wí. "Àmọ́ ẹ ó gbé èmi náà, ẹ sì wò mí dáadáa, mi ò fúyẹ́."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù tó ń wá a, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n fi ṣéènì sílẹ̀. Ṣéènì yẹn wà ní àgọ́ ẹ̀ṣọ́ di òní. Ẹ fi í sọ́kàn, torí a máa tó padà rí i.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ẹ̀yìn ọwọ́. Èédú ni bàbá náà ń sun tà, ó sì mọ iná bí ẹni mọ àna rẹ̀: pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìsí ìfọkàntán. "Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan iná tó jó ọ," bàbá a máa wí, "kí lo fẹ́ fi di ọkọ́ mú lọ́la? Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí o rán níṣẹ́. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tètè ń gbọ́ròyìn." Á tún fi kún un pé: "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé iná mìíràn ń fi eérú bojú láìkú. Ó ń sùn ni. Ìwọ ni kí o ṣí aṣọ lójú rẹ̀ wò."

Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló di òfin iṣẹ́ wọn. Lọ́dọọdún, kí koríko tó gbẹ tán, àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa fi ọwọ́ ara wọn sun ojú ààlà igbó náà, kí ó lè fẹ̀ tó ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì lè gbà kọjá ara wọn, kí iná ńlá tó bá ti ìta bọ̀ lè débẹ̀ kó má rí oúnjẹ jẹ. Iná tí ń lé iná! Iṣẹ́ tó dùn ún wò ni. Àmọ́ èyí tó nira jù ń bẹ lẹ́yìn tí iná bá lọ sílẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀. Wọ́n á máa rákò láti kùkùté dé kùkùté, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú, wọ́n á kan ìdí gbòǹgbò, wọ́n á ka ogún kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò. Èyí tó bá gbóná, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tún un kàn. Èyí tó bá tutù, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kùn àmì sí i. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ti Ẹ̀yìn-Ọwọ́, òdo roboto kan ni. Àmì yẹn ju ìbúra lọ, torí ẹni tó kùn ún ti sọ pé: mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, bí iná bá tibí jáde, èmi ni kí ẹ bi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òun ni olórí àwọn tó sun ààlà ìlà-oòrùn. Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ náà, oòrùn ti dé àtàrí, orúnkún gbogbo wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ni wokitókì ké. Ọ̀gá ni. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ni olórí àgọ́, aṣọ rẹ̀ kì í sì í ní ìdọ̀tí, ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í kúnlẹ̀.

"Màmá, àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ ti wà lọ́nà. Kí gbogbo yín wọ yúnífọ́ọ̀mù tó mọ́, kí ẹ tò síwájú ọ́fíìsì láàárín ogójì ìṣẹ́jú."

"Ọ̀gá, ó ku kùkùté mẹ́tàdínlógún."

"Ẹ kùn wọ́n lọ́dà kí ẹ máa bọ̀. Àlejò wo ló mọ kùkùté?"

Láti ọdún méjìlélógún, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rí bí wọ́n ti ń wo ọ̀nà. Òun náà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì kùn wọ́n: òdo, òdo, òdo, mẹ́tàdínlógún, bí ọmọ ilé ìwé tó ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Ó sọ fún ọkàn rẹ̀ pé òun á padà wá lọ́la. Lọ́la, ẹnì kan já láti orí àpáta. Lọ́túnla, ó ń lé àwọn olè gẹdú mìíràn kiri. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ti yọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́.

Iná jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀fúùfù dìde, èéfín sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó dúdú, ó nípọn, ó ń yí bí àgùntàn tó ń dà bọ̀ láti orí òkè. "Iná! Iná lápá ìlà-oòrùn!" Awakọ̀ ló ń kígbe lórí wokitókì, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ tánkà omi, tí kì í pa ẹnu dé bí kò bá sùn. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé àlejò tó wà láàárín igbó. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kó jáde níbẹ̀. Ọkùnrin kan fárígá pé òun ò lọ láìmú àga tí òun gbé wá láti ilé.

"Ọ̀gbẹ́ni, àga yín lè dúró de iná," ló wí. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ dúró tì í?"

Ọkùnrin náà sáré kọjá gbogbo àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àpò omi lẹ́yìn, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n ń fi ẹ̀ka tútù lu iná bí ẹni ń lu ejò. Awakọ̀ wa tánkà wọ àárín èéfín nígbà mẹ́fà. Wọ́n pa á níbi yìí, ó yọ lọ́hùn-ún. Ó jẹ àwọn igi kéékèèké tí wọ́n gbìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó jẹ ilé àlejò títí kan ìlẹ̀kùn, ó sì ń fẹnu lá odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n tó borí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Irun ojú méjèèjì Awakọ̀ nìkan ló bá ìjà lọ.

"Ìyàwó mi á rò pé mo lọ ṣe fáàrí ni," ló wí, ó ń fọwọ́ pa ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni ọkùnrin arúgbó kan ti inú èéfín jáde, garawa oyin lọ́wọ́ kan, agolo èéfín tó fi ń lé oyin lọ́wọ́ kejì. Baba Olóyin! Ìgbà mẹ́rin ni Ẹ̀yìn-Ọwọ́ ti mú un rí, torí òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni kó oyin nínú igbó yẹn. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni baba náà bú u dé ìran kẹta. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ dì í mú lọ́rùn ọwọ́.

"Baba, ẹ ti fi èéfín oyin yín sungbó lónìí."

"Èmi? Ìwọ obìnrin yìí, fọ etí rẹ kí o gbọ́: ògbólógbòó olè oyin ni mí, n kì í ṣe adánásungbó!"

Ọlọ́pàá dé, wọ́n mú un lọ. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ lọ sílé, ó sùn fọnfọn, bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ni pé bí iná bá kú, kí ẹ̀ṣọ́ kan tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe o! Iná máa ń kọ̀wé sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ igi tó kọjú sí ibi tí iná ti wá ló máa ń jó jinlẹ̀ jù. Koríko tí iná gé nídìí, orí rẹ̀ a máa ṣubú sí ọ̀nà tí iná gbà wá. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀yìn-Ọwọ́ ń kà á bí ìwé, igi kan sí òmíràn, ó ń retí kó gbé òun dé ìdí igi oyin Baba Olóyin. Kò gbé e débẹ̀. Igi oyin náà wà lápá ọ̀tún, ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ìwé iná ń lọ sí ojú ààlà tí wọ́n sun. Ó dé etí ààlà, ó rí ihò kan nílẹ̀, ó tó ẹnu agolo, etí rẹ̀ funfun fún eérú. Ó yí ojú padà. Ìṣísẹ̀ méjìlá sí ibẹ̀, láàárín ààlà, kùkùté kan jókòó, òdo funfun roboto lára rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi igi tú eérú ìdí kùkùté náà, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ihò tó wà lábẹ́ gbòǹgbò, ó ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kò lè ka ẹẹ́rin. Ó gbóná bí ẹnu àdògán.

Iná ti gba inú gbòǹgbò kọjá lábẹ́ ilẹ̀, bí olè tó gbẹ́ abẹ́ ògiri, ó sì yọrí sí inú koríko gbígbẹ.

"Ah," ló wí fún kùkùté náà. "Ìwọ ò kú. Èmi ni mo sọ pé o kú."

*

Ọ́fíìsì Ọ̀gá tutù, ó ń rùn bí ìwé tuntun. Àwòrán ilẹ̀ igbó náà wà lára ògiri, pín-ínnì pupa lórí rẹ̀. Wọ́n ti tẹ ìwé kan, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí. Ẹ̀yin lẹ mú un, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí."

Ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ pé Baba Olóyin ló dá iná. Ó sọ ohun tó rí fún Ọ̀gá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi òdo funfun náà pamọ́. Ọ̀gá dìde, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Màmá, olè ni baba yẹn."

"Olè oyin ni, Ọ̀gá."

"Ta ló máa sunkún rẹ̀? Ilé àlejò ńkọ́, wọ́n á kọ́ òmíràn tó dáa ju èyí lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n ń dárúkọ fún baba arúgbó náà. Ṣé ẹwà ni yóò bù sí òun náà?"

Ọ̀gá fi ìka gbá tábìlì. "Ọdún méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe ara yín? Wọ́n á ní ta ló kùn ún láìkàn án. Wọ́n á ní ta ló pàṣẹ."

"Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ. Èmi ni mo ṣe é. Ká pín in sí méjì."

Ọ̀gá na pẹ́ńnì sí i. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ kò gbà á. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níbi tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó ń ka nǹkan sẹ́nu, ó wá mi orí.

"Ó gbóná," ló wí. "Mi ò lè mú un."

Ó jáde, kò dúró, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Inspẹ́kítọ̀ tó bá níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ó gbọ́ ọ tán, ó fẹ́ èérún pẹ́ńsùlù dànù.

"A ó wá wò ó lọ́la, aago mẹ́wàá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Màmá, ohun tí ojú wa kò bá rí, ọwọ́ wa kò lè kọ ọ́."

Láti ẹ̀yìn irin àtìmọ́lé, Baba Olóyin ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá gbọ́!" ló ké. "Ó tẹ́ ibùsùn fún iná, ó fi aṣọ bò ó, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó wá mú èmi!"

"Baba, òótọ́ lẹ sọ."

"O ò tilẹ̀ jiyàn? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbádùn èébú báyìí?"

Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Inspẹ́kítọ̀ ń dún lọ́kàn rẹ̀ bó ti ń lọ sílé: ohun tí ojú kò bá rí. Kùkùté kan ṣoṣo náà ni gbogbo ẹ̀rí tó wà láyé. Bí kùkùté bá lọ, baba lọ.

*

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì kò tíì lù dáadáa tí Awakọ̀ fi sáré wọ ilé, ojú rẹ̀ láìní irun, ó dà bí ẹyin tí ẹ̀rù ń bà.

"Ìyá wa, Ọ̀gá ní kí n lọ fi ṣéènì fa kùkùté kan tu. Mo ní táyà mi ti jò."

"Ṣé ó jò lóòótọ́?"

"Mo ti jẹ́ kó jò."

"Á pẹ́ tó?"

"Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i báyìí!"

Ẹ̀yìn-Ọwọ́ ti ń wọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde fún un. Ó wá padà, ó yọ tìmùtìmù orí àga tó fi ń ránṣọ láti ọdún mẹ́sàn-án, ó fi há a lábíyá.

"Ìyá wọn, mo mọ̀ ọ́. Jíjókòó lo fẹ́ lọ jókòó. Bí o bá máa jókòó lé iná lórí, mú nǹkan tó nípọn dání."

Ó wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tí tánkà máa fi yọ láàárín eérú, tí Awakọ̀ ń wà á bíi pé ẹyin ló kó sẹ́yìn, Ẹ̀yìn-Ọwọ́ ti wà lórí kùkùté, lórí tìmùtìmù aláwọ̀ ewé, ó ká apá, ó kọjú sí wọn. Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀. Ṣéènì ọjọ́sí, ṣéènì àwọn olè gẹdú gan-an, ló fà lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ dìde."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ máa fà á. Ẹ ó fa èmi náà."

"Ohun ìjọba lẹ jókòó lé!"

"Èmi náà, ohun ìjọba ni mí. Ẹ wo yúnífọ́ọ̀mù."

"Mo lè dá iṣẹ́ yín dúró níbi tí mo dúró sí yìí."

"Ẹ dá a dúró. Mo ti jókòó ní tèmi."

Ọ̀gá yíjú sí Awakọ̀. "So ṣéènì mọ́ ọn!"

Awakọ̀ wo ṣéènì, ó wo obìnrin náà. "Ọ̀gá, apá ibo ni kí n so mọ́? Ẹsẹ̀ Màmá ló wà nídìí rẹ̀ yí ká."

"Mú un kúrò níbẹ̀!"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, àwọn olè mẹ́rin ò lè gbé e."

Ọ̀gá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Ó ní òun ní ọmọ. Ó ní òun náà, àwọn tó wà lókè òun ló ń lé òun kiri. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ gbọ́ ọ, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo mọ̀. Òun ló jẹ́ kí n kùn ún lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín, ó sì ran èmi náà. Àmọ́ ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Ẹ lọ jókòó nínú ọkọ̀, kó má baà rẹ̀ yín."

Aago mẹ́jọ kọjá. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Oòrùn mú. Ohun tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ni pé ihò tó ṣí lánàá ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ sì ti jí ohun tó ń sùn. Ooru ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó yí ìdí sí ọ̀tún. Ó yí i sí òsì. Kò dìde.

Ọ̀gá gbé imú sókè. "Màmá, kí ló ń rùn?"

"Ẹ̀rí ni, Ọ̀gá. Ẹ̀rí ló ń rùn."

Tìmùtìmù ń jó lọ́ọ́lọ́ọ́ nísàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, aago mẹ́wàá gééré. Inspẹ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rẹ̀, Baba Olóyin tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀yìn-Ọwọ́ tó fò dìde bí ẹni tí eèrà bù jẹ, ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

"Awakọ̀, mú rọ́bà omi tánkà wá. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má wo ibí. Ẹ wo ọ̀hún, lẹ́yìn ààlà, ihò kékeré tó wà nínú koríko tó jó yẹn."

Awakọ̀ da omi sínú ìdí kùkùté. Ilẹ̀ hó. Ẹ̀yìn-Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin... Lójijì, ní ìṣísẹ̀ méjìlá sí wọn, ooru funfun ti inú ilẹ̀ yọ fììì, ó nà sókè bí ọrùn lékeléke. Inspẹ́kítọ̀ gbàgbé pẹ́ńsùlù sẹ́nu.

"Ta ló fi ọ̀dà sí kùkùté yìí?" ló bi wọ́n.

Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni," ni Ẹ̀yìn-Ọwọ́ wí. "Mo kùn ún láìfọwọ́ kàn án. Mẹ́rìndínlógún mìíràn ń bẹ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo wọn ni mo tún fọwọ́ kàn lánàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí nìkan ló wà láàyè. Wọ́n pàṣẹ fún mi, àmọ́ ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn."

Baba Olóyin tú itọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣí irin yìí kúrò lọ́wọ́ mi kí n lè pàtẹ́wọ́ fún un."

"Baba, ẹ má tíì yọ̀," ló dá a lóhùn. "Ti iná ni mo bọ́ kúrò lọ́rùn yín. Ti oyin ṣì wà níbẹ̀."

"Ìwọ obìnrin yìí, o burú! Ó ku díẹ̀ kí n fẹ́ràn rẹ."

*

Wọn ò fi oyè dá a lọ́lá o. Wọ́n pè é síwájú àwọn ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fóṣù mẹ́ta. Wọ́n gbé Ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì kan tí kò sí ewé kan nítòsí rẹ̀. Adájọ́ dá Baba Olóyin sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, ó sì ní kó gbálẹ̀ ọgbà kóòtù fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí oyin. Baba náà ní ọgbà yẹn kò tíì mọ́ tó báyẹn rí. Télọ̀ rán tìmùtìmù tuntun, ó sì gbé èyí tó jó kọ́ ara ògiri, níbi tí oníbàárà kankan kò ti lè má bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rùn tún dé, Ẹ̀yìn-Ọwọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ lásán, àmì ipò kò sí léjìká rẹ̀. Wọ́n sun ààlà. Wọ́n kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, oòrùn ti dé àtàrí, wokitókì ọrùn olórí tuntun wọn ké. Ohùn ọ̀gá tuntun ni: àwọn èèyàn pàtàkì kan ti wọ géètì, kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ máa bọ̀ wá tò.

Gbogbo wọn yíjú sí obìnrin tí kò ní ipò kankan. Ó na ọwọ́, ó gba wokitókì.

"Ọ̀gá, ó ku kùkùté mẹ́sàn-án."

"Ṣé kò lè dúró de ọ̀la ni?"

"Èyí tó kọjá dúró de ọ̀la, Ọ̀gá, ó dúró dáadáa. Ẹ kó àwọn àlejò wá síbí. Ẹ ní kí wọ́n wọ ṣòkòtò tí kò ní dùn wọ́n bó bá dọ̀tí. Ibi ìkúnlẹ̀ pọ̀."

Ó pa wokitókì, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Kò sẹ́ni tó rìn. Awakọ̀, tí irun ojú rẹ̀ ti hù padà ní ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló kọ́kọ́ tún kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ ni. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn-Ọwọ́ rákò dé ìdí kùkùté àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án. Ó tú eérú, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sísàlẹ̀ gbòǹgbò, ó di ojú, ó ń kà. Ó ka dé mẹ́rìnlá, ó dúró.

"Omi," ló wí.